Ilé Ìran Méje tí Wọ́n Rà ní Oṣù Mẹ́ta

"Ilé ńlá ni mo ní kí ẹ wá fún mi. Èyí jọ ilé ewúrẹ́."

"Ilé ewúrẹ́ ni lóòótọ́, Ọ̀gá. Ilé tí a wá wò ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀."

"Kí ló dé tí ilé ewúrẹ́ fi wà níwájú?"

"Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀, Ọ̀gá."

"Ẹ wó o."

"Kò sí nínú ohun tí wọ́n ń tà, Ọ̀gá. Ti Mẹ́yọ̀ ni. Ewúrẹ́ Mẹ́yọ̀ sì wà nínú ẹ̀."

"Ilé tí wọ́n ń tà ńkọ́, ó tó ọdún mélòó?"

"Ó lé ní igba ọdún."

"Ìran mélòó nìyẹn?"

"Ìran ta ni, Ọ̀gá?"

"Ìran mi."

Ejẹ́ǹtì náà, Lhermet, wo ojú oníbàárà rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó wá fi ìka rẹ̀ ṣírò.

"Bí a bá ka ọgbọ̀n ọdún fún ìran kan, Ọ̀gá, ó tó ìran méje."

"Mo ti rà á. Ẹ wá fi inú rẹ̀ hàn mí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń ra ilé kó tó wọ inú rẹ̀ fún yín. Anselme Pontavert ni orúkọ rẹ̀. Ní Paris, òun ni Olùdarí Àgbà fún Ọ́fíìsì Ìbáramu Àwọn Pátákó Ojú Ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni láti rí i dájú pé orúkọ tí abúlé kan ń jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń wọ̀ ọ́ náà ló ń jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń jáde. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Anselme ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, abúlé kankan kò sì tíì yí orúkọ padà láàárín ìwọlé àti ìjáde. Gbogbo ògo náà, òun nìkan ló gbé e wọ̀.

Bó bá ti ń jáde nínú lííftì láràárọ̀, àwọn akọ̀wé méjìlá á dìde dúró. Igbákejì rẹ̀, Ludovic Brissaud, á gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ọ̀gá, ojú yín tún mọ́lẹ̀ ju tàná lọ." Bí Anselme bá sín, Brissaud á ní, "Ẹ ò rí i bí Ọ̀gá ṣe sín! Kò gùn jù, kò kúrú jù." Ní ọdún kan, Anselme pàṣẹ pé kí etí dúdú ara pátákó fẹ̀ sí i ní mìlímítà méjì. Ó sọ̀rọ̀ wákàtí kan lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, Brissaud sunkún. Ó ní ayọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n pátákó kò tó ọkùnrin náà mọ́. Ó fẹ́ di Préfet, aṣojú ìjọba tó ń ṣàkóso odindi ẹkùn, tó ń wọ aṣọ olówùú wúrà, tí àwọn ọlọ́pàá ń kí pẹ̀lú ọwọ́ níwájú orí. Àyè kan ṣí sílẹ̀. Inú oṣù kẹsàn-án ni wọn yóò yan ẹni tó máa bọ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò sì gbọ́: Mínísítà Thivolle, obìnrin tí wọ́n bí sínú oko màlúù, tó sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ò ní fi ẹkùn ìgbèríko lé ẹni tí kò mọ òórùn ìgbẹ́ ẹran lọ́wọ́.

Ní àsè kan nínú oṣù kẹrin, Mínísítà yìí wo àyíká tábìlì, ó béèrè pé, "Nínú gbogbo yín, ta ló ní ilé ní abúlé?"

"Èmi!" ni Anselme kígbe. Inú yàrá mẹ́rin ní àjà kẹta ní Paris ni wọ́n bí i sí. "Ilé bàbá ńlá mi. Ìran méje!"

"Níbo?"

Orúkọ abúlé kan ṣoṣo ló wá sí i lẹ́nu, torí àárọ̀ ọjọ́ náà ló fọwọ́ sí ìwé pé pátákó wọn ti wọ́.

"Vieilcastan."

"Vieilcastan! Ẹ̀bá ibẹ̀ ni mo ti ń lo ìsinmi mi nínú oṣù kẹjọ. Mo ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń gbé pẹ̀lú àwọn èèyàn yín."

Irọ́ rọrùn-ún pa. Ilé tí a máa fi irọ́ náà wọ̀ sí ló ń wọ́n. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà ní gbogbo Vieilcastan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi bá Anselme níwájú ilé ewúrẹ́.

Ẹni tó ń ta ilé náà ni Màmá Zélie Roubeyrol, opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Orúnkún rẹ̀ ti bá àtẹ̀gùn jà, àtẹ̀gùn ló borí, ló bá fẹ́ kó lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oníbúrẹ́dì. Nígbà tí Anselme àti ìyàwó rẹ̀, Bérengère, wọ ilé ìdáná, ó ń bó ẹ̀wà. Ní abúlé yẹn, kódà ọlọ́pàá tó bá wá mú ọ á kọ́kọ́ kí ọ.

"Ẹ kú àárọ̀," ni Màmá Zélie wí.

"Báwo ni àjà yìí ṣe ga tó?" ni Anselme dá a lóhùn.

"Ẹ kú àárọ̀."

"Ṣé òkúta gidi ni ògiri yìí?"

"Ẹ kú àárọ̀."

Bérengère fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀ níhà. "Anselme, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kí ẹ."

"Hẹn-ẹn. Ẹ kú àárọ̀, ìyá."

"Ẹ kú àárọ̀. Mítà méjì ààbọ̀ ni. Òkúta gidi ni. Ẹ jókòó."

Ó da ọtí àsálà tó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn fún wọn. Bérengère mu tirẹ̀, ó ní ó dùn, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Anselme kò fẹnu kàn án. Fọ́tò mẹ́fà tó wà lára ògiri ló ń wò: àwọn ọkùnrin onírunmú àti àwọn obìnrin tójú wọn le, gbogbo wọn nínú férémù dúdú.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn èèyàn mi ni. Bàbá mi nìyẹn. Ìyá bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Onírunmú ńlá yẹn, Firmin ni, àbúrò bàbá mi."

"Mo rà wọ́n mọ́ ilé."

Ọwọ́ Màmá Zélie dúró lórí ẹ̀wà. "Ẹ ra kí ni?"

"Àwọn fọ́tò náà. Ẹ fi wọ́n síbi tí wọ́n wà."

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀rọ omi máa ń bá ilé lọ. Fèrèsé máa ń bá ilé lọ. Bàbá mi kì í bá ilé lọ. Kí lẹ fẹ́ fi òkú olókùú ṣe?"

"Wọ́n... wọ́n bá àwọ̀ ògiri mu."

Màmá Zélie rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Bérengère ń wo inú ife rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ rì sínú rẹ̀.

"Ọjọ́ mi ti pẹ́ láyé, mi ò gbọ́ irú èyí rí! Ó dáa. Yàrá tí mò ń lọ kò ní ògiri tó pọ̀. Mo yá yín ni o, mi ò tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Ààrò búrẹ́dì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ—"

"Nótárì á sọ fún mi, ìyá."

"Mo ní tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún—"

"Nótárì!"

Màmá Zélie padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. "Kò burú. Ẹni tó bá pa mí lẹ́nu mọ́ nínú ilé mi, mo máa ń jẹ́ kó gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dáadáa."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú oṣù karùn-ún. Ẹni tó bá sì rò pé ó kù kó gba kọ́kọ́rọ́, kò mọ ilẹ̀ Faransé. Oṣù mẹ́ta ni ìwé fi ń rìn láti tábìlì kan dé òmíràn, tí wọ́n ń yẹ gbogbo nǹkan wò: ikán, ọ̀dà ògiri, wáyà iná. Anselme ń kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn, gbólóhùn kan náà ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀: "Bóyá ẹ kò mọ ẹni tí mo jẹ́." Ọ̀kan ṣoṣo ló fèsì, ọkùnrin tó ń yẹ ihò ìdọ̀tí wò. Ó kọ̀wé padà pé: "Mo mọ̀ yín, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ni ṣáláńgá tó ń jò."

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ni ilé tó wá di tiwọn lójú òfin. Nótárì Escoubès gbà wọ́n lálejò. Ní ilẹ̀ náà, láìsí nótárì, ẹnikẹ́ni kò lè ra ilé, iṣẹ́ nótárì sì ni kó ka ìwé ilé náà sókè ketekete létí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, láti ojú ewé kìíní títí dé òpin. Ogójì ọdún ni Escoubès ti ń kà á. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó mu omi, ó gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé mẹ́tàdínláàádọ́ta ni.

Ní ojú ewé kẹfà, Anselme wo aago.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe máa bá a lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Ọ̀gá."

"Ọ̀gbẹ́ni nótárì, ìwé àṣẹ ọ̀ọ́dúnrún àti méjìlá ni mo ti fọwọ́ ara mi kọ. Ẹ kì í ka ìwé fún ẹni tó ń kọ ìwé. Ẹ ò lè bu omi fún odò."

"Òfin ló ní kí n kà á, Ọ̀gá."

"Mo ti gbọ́. Kàlámù dà?"

"Anselme, jẹ́ kí wọ́n kà á," ni Bérengère wí.

"Ó kéré tán, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ka ojú ewé kọkànlélógún. Ó ṣe pàtàkì. Ó jẹ mọ́ ààrò—"

"N kì í dáná!"

Escoubès wo Màmá Zélie. Màmá Zélie wo àjà. Nótárì bọ́ awò rẹ̀, ó pa ìwé náà dé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń da aṣọ bo òkú. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí n dúró. Ẹ fọwọ́ sí i." Anselme fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lù náà gba ìlà mẹ́ta.

Ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń dá ìran méje sílẹ̀. Brissaud ti Paris wakọ̀ dé pẹ̀lú bàtà oko tuntun fún ọ̀gá rẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹrẹ̀ sí i lára, ó sì sún sẹ́yìn wò ó. "Ẹ̀gbẹ́ òsì ẹrẹ̀ yẹn pọ̀ jù, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù." Wọ́n tò síwájú àwọn fọ́tò, wọ́n ń sọ àwọn òkú lórúkọ.

"Èyí, Ọ̀gágun Théodule Pontavert," ni Anselme wí, ó ń tọ́ka sí bàbá Màmá Zélie, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fún wàrà ewúrẹ́.

"Ojú ogun wà lójú wọn, Ọ̀gá."

"Onírunmú yìí ńkọ́?"

"Bíṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá!"

"Bíṣọ́ọ̀bù kì í bímọ," ni Bérengère wí láti orí àga tó jókòó sí, tó ń bó ẹ̀wà tí Màmá Zélie fún un.

"Kó jẹ́ Adájọ́ Àgbà, nígbà náà. Adájọ́ Àgbà Hyacinthe Pontavert. Brissaud, kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé bàbá ńlá mi."

Lẹ́yìn náà ló wá di ọ̀ràn géètì. Àwọn ará abúlé ń kọjá, wọ́n ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wo ààrò, wọ́n ń mi orí síra wọn. Ìyẹn bí Anselme nínú. Ó ra ṣéènì tó nípọn bí ọwọ́ ọmọdé, ó fi àgádágodo sí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pátákó kan: ILÉ ALÁDÀÁNI. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: pátákó náà dára. Etí rẹ̀ dọ́gba.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì kọjá dáadáa tí Anselme fi rán Brissaud lọ sí ìlú ńlá kí ó lọ ra yìnyín àti ẹja tó yẹ Mínísítà. "Ti géètì padà lẹ́yìn rẹ. Mú kọ́kọ́rọ́ dání." Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà.

Ní aago méje, Anselme rí èéfín lẹ́yìnkùlé. Ó ké, "Ilé ìran méje ń jóná!" Ó pe panápaná lórí fóònù.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tó dùn. Ní Vieilcastan, panápaná kì í ṣe ẹni tó jókòó síbì kan tó ń dúró de iná. Aládùúgbò ni wọ́n: mẹkáníìkì kan, olùkọ́ kan, oníbúrẹ́dì, àti ọ̀gá wọn, Odile Cassagnou, obìnrin tó ga tó sì sanra dáadáa, tó jẹ́ Mẹ́yọ̀ abúlé náà, tó sì tún ni àwọn ewúrẹ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an ló ti gba inú ilé ewúrẹ́ wọ ẹ̀yìnkùlé láti dáná sí ààrò, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Bí wọ́n ti ń kó igi síná lọ́wọ́, fèrè tó ń pe panápaná dún. Wọ́n sọ igi sílẹ̀. Wọ́n sáré gba ilé ewúrẹ́ jáde, wọ́n wọ akoto, wọ́n gun ọkọ̀ pupa, wọ́n tan iná orí ọkọ̀, wọ́n sì fi eré dé iwájú géètì láti wá pa iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Anselme yọrí lókè géètì nínú aṣọ ìsùn.

"Iná ń jó!"

"Níbo?" ni Odile béèrè.

"Ní ẹ̀yìnkùlé!"

"Ṣé nínú ààrò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ààrò!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ la dá a sí."

"Ẹ... ẹ̀yin lẹ dá a?"

"Ta ni ì bá tún dá a? Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gá. Ẹ kú ọdún. Ẹ ṣí géètì, àwọn èèyàn ń gbé búrẹ́dì bọ̀."

"Ẹ wọ ilé onílé, ẹ dáná sí i, ẹ sì tún ń kí mi kú ọdún? Mo máa fẹjọ́ sun Mẹ́yọ̀!"

"Ẹ ti ń fẹjọ́ sùn ún."

"Mo máa pe panápaná!"

"Ẹ ti pè wọ́n."

Mẹkáníìkì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, akoto rẹ̀ ń gbọ̀n. Odile kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ilé. Gbogbo abúlé ló ni ààrò. Ó wà nínú ìwé yín."

"Irọ́ ni! Kí wọ́n mú ìwé wá!"

"Nótárì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá jáde nínú Máàsì ọdún Màríà, á wá. Ààrò náà ò tíì gbóná, a ní àyè."

Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, gbogbo Vieilcastan ti wà níwájú géètì. Wọ́n to tábìlì sójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò wá nínú agbọ̀n, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, ó ń wú. Wáìnì ti ń lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́. Bérengère sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ wo àwọn ewúrẹ́. Nígbà tó tún rí i, ó wà ní òdìkejì géètì, Màmá Zélie ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la àmì sórí búrẹ́dì. Anselme nìkan ló kù nínú ọgbà. Ó ti wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀.

Escoubès dé. Ó ti yà sílé lẹ́yìn Máàsì. Ṣòkòtò kúkúrú ló wọ̀, nítorí ìsinmi ni, ṣùgbọ́n ìwé náà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un síwájú géètì gan-an. Ó jókòó. Ó mu omi. Ó gbé awò sójú.

"Ojú ewé kìíní," ni ó wí.

"Kọkànlélógún!" ni Anselme pariwo. "Ẹ lọ sí kọkànlélógún!"

"Mo fẹ́ kà á lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀gá, ẹ ò jẹ́ kí n kà á. Lónìí, mi ò ní fò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni."

Ó sì kà á. Ó ka gígùn ilẹ̀, ó ka fífẹ̀ ilẹ̀, ó ka orúkọ ẹni tó ta ilé fún ẹni tó ta ilé fún bàbá bàbá Màmá Zélie. Àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ orin. Níbi tí wọ́n ti dárúkọ ṣáláńgá, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ojú ewé ogún ló wà nígbà tí ọkọ̀ dúdú kan dúró lẹ́yìn èrò. Mínísítà Thivolle sọ̀kalẹ̀, ìdajì wákàtí ṣáájú àsìkò. Kò lọ síwájú tààrà. Ó bọ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú ọdún." Ó bọ èkejì lọ́wọ́. Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé iwájú, Anselme sì ń wò ó láàárín irin géètì bí ẹni tó ń wo omi tó ń kún bọ̀.

"Ìyáàfin Mínísítà! Ẹ káàbọ̀ sí ilé àwọn bàbá mi! Ẹ má wo—"

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Mínísítà wí. "Wọ́n ń kàwé."

Ohùn Escoubès ròkè. "Ojú ewé kọkànlélógún. Pé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, títí ayé, gbogbo ará Vieilcastan ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹ̀yìnkùlé ilé yìí, láti dáná sí ààrò, láti yan búrẹ́dì, láti jẹ, láti mu, àti láti kọrin. Pé ẹni tó bá ni ilé kò gbọdọ̀ dí wọn lọ́nà. Àti pé òun ni yóò pèsè àga."

Ó pa ẹnu dé. Inú ààrò ń kùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Pontavert," ni Mínísítà wí, "ṣé ẹ mọ̀ nípa èyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo okùnkùn tí ọkùnrin yìí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀. Bó bá ní òun mọ̀, a jẹ́ pé òun ló fi ṣéènì lé àwọn èèyàn rẹ̀ síta lọ́jọ́ ọdún wọn. Bó bá ní òun kò mọ̀, báwo ni ẹni tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ gbé ilé náà fún igba ọdún kò ṣe mọ ọjọ́ tí wọ́n ń dáná lẹ́yìnkùlé rẹ̀?

"Mo... mo mọ̀ ọ́n lọ́nà kan."

"Ẹ ṣí géètì."

"Kọ́kọ́rọ́ kò sí nítòsí, Ìyáàfin."

"Báwo làwọn tó dáná ṣe wọlé?"

"Wọ́n gba inú ilé ewúrẹ́," ni Màmá Zélie wí. "Ẹ tẹ̀ lé mi, ọmọ mi. Ẹ ká aṣọ yín sókè."

"Ìyáàfin Mínísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀!"

"Ọ̀gbẹ́ni, ó ku díẹ̀ kí wọ́n bí mi sínú irú ẹ̀," ni Mínísítà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ wọlé. Gbogbo abúlé tẹ̀ lé e, pẹ̀lú tábìlì, pẹ̀lú ìyẹ̀fun, pẹ̀lú Escoubès nínú ṣòkòtò kúkúrú. Àwọn ewúrẹ́ dìde dúró fún wọn.

Búrẹ́dì wọ inú ààrò. Kí ó tó jáde, Anselme gba Mínísítà lọ́wọ́ èrò, ó mú un wọ ilé, ó sì na ọwọ́ sí ògiri. Ó gbà pé àwọn bàbá òun yóò gba òun là. Màmá Zélie ti wà níbẹ̀, ó ń sinmi orúnkún rẹ̀ lórí àga.

"Ọ̀gágun Théodule Pontavert," ni Anselme bẹ̀rẹ̀. "Ọgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n gbà lójú ogun."

"Onírunmú yìí ńkọ́?"

"Adájọ́ Àgbà Hyacinthe Pontavert. Àwọn ọ̀daràn máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ wọn."

Màmá Zélie yíjú sókè. "Firmin?"

Mínísítà yí padà. "Ẹ mọ̀ ọ́n ni, Màmá?"

"Àbúrò bàbá mi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé iwájú adájọ́ lóòótọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ló jí." Ó ronú díẹ̀. "Lẹ́ẹ̀kẹta, àgùntàn ni."

"Ìyá yìí ti dàgbà," ni Anselme wí kíákíá, "orí wọn ti—"

"Anselme." Bérengère ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun funfun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Ó tó. Ìyáàfin Mínísítà, ọjọ́ kẹrin rèé tí a ra ilé náà. Ìyá ló ni gbogbo àwọn òkú yẹn. Wọ́n yá wa ni."

Ní àkókò yẹn gan-an ni Brissaud wọlé, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò yìnyín tó ti domi lọ́wọ́ òsì. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó wo ojú Mínísítà. Òǹkàwé mi, atẹ́gùn oko kì í yí tó bí ọkùnrin yẹn ṣe yí. "Ẹ kú ọdún, gbogbo yín!" ni ó wí, ó sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyáàfin Mínísítà, ojú yín ń tàn. Oko màlúù ni wọ́n ti tọ́ ìyá mi dàgbà. Mo ti ń sọ fún Olùdarí pé kò dáa kéèyàn máa ti géètì mọ́ aládùúgbò."

"Brissaud!" ni Anselme wí.

"Mo ti ń sọ ọ́, Ọ̀gá. Nínú ọkàn mi."

Wọ́n yọ búrẹ́dì ní aago kan. Mínísítà jẹ ẹ́ pẹ̀lú wàràkàṣì Odile, ó gba ọtí àsálà lẹ́ẹ̀mejì, ó bá wọn kọrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Anselme ló ń gbé àga kiri. Ó wà nínú ìwé. Bí ẹnì kan bá ti dìde, Odile á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa gbé ìyẹn wá síbí," òun náà á sì gbé e, nítorí ojú Mínísítà ń bẹ lára rẹ̀, ó sì tún ń retí.

Nígbà tí ọjọ́ ń rọlẹ̀, Mínísítà bọ gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́, ó gba búrẹ́dì ńlá kan sábẹ́ apá, ó gba géètì tó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu jáde. Anselme sáré tẹ̀ lé e, àga méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyáàfin Mínísítà! Ní ti ipò Préfet yẹn... ní ti oṣù kẹsàn-án..."

Dírẹ́bà ti ṣí ilẹ̀kùn. Mínísítà jókòó, ó gbé búrẹ́dì náà lé ẹsẹ̀, ó sì sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ díẹ̀.

"Ilé dáadáa lẹ rà, Ọ̀gbẹ́ni Pontavert. Ẹ má fi sílẹ̀ fún èkúté o. Láti oṣù kẹsàn-án lọ, àyè á gbà yín láti máa gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́."